Ẹ Béèrè, A Ó Fèsì: Ilé búrẹ́dì bàbá ti kógbá sílé, àwọn ọmọ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́

Lẹ́tà márùn-ún la fà yọ lóṣù yìí, láti ìlú mẹ́rin ní Èkìtì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: iṣẹ́ tí bàbá fi tọ́ ọmọ ti dẹnu kọlẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ń wo ara wọn bí ológbò ti ń wo eku. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwa ọmọkùnrin mẹ́ta ni ìyá wa bí fún bàbá wa. Bàbá dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1991, wọ́n sì kú ní 2016. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló ń darí rẹ̀ láti ìgbà náà títí tí a fi ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọdún tuntun. A jẹ onífúláwà, a jẹ báǹkì, a sì jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù méjì. Àbúrò wa tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì ní ẹ̀gbọ́n ló kówó jẹ. Ẹ̀gbọ́n ní àwa la fi òun sílẹ̀ lóun nìkan, kò sì bá wa jẹun mọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni èmi ń ṣe ní Adó. Màmá wa kàn ń sunkún ni. Kí ni kí á kọ́kọ́ ṣe? — Ọmọ Ìkejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì pe ìpàdé ẹbí. Ìpàdé ẹbí tí kò sí ìwé ìṣirò nílẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù ló máa ń jàre níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ka ẹ̀sùn síra wọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí èyí tó mú iye kan ṣoṣo wá. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ó sì lè jẹ́ pé owó fúláwà àti búrẹ́dì tó ń padà wálé ló pa ilé iṣẹ́ yín, tí ẹ wá ń wá ẹni tí ẹ máa dì í rù.

Ẹ ra ìwé ńlá kan, ìwé gidi, kì í ṣe fóònù, kí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lórí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní àárọ̀ Sátidé, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ kó gbogbo rìsíìtì, ìwé àwìn, ìwé báǹkì àti ìwé tí awakọ̀ ń kọ iye búrẹ́dì sí jọ sórí tábìlì. Ẹ̀yin mẹ́ta nìkan. Ẹ jẹ́ kí màmá lọ kí ẹnì kan ládùúgbò lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọ tó bá rí omijé ìyá rẹ̀ á purọ́ láti tù ú nínú, irọ́ yẹn á sì wọ inú ìwé.

Ojú ìwé kìíní, gbèsè tí ẹ jẹ: ta ni, èló ni, ọjọ́ wo, ta ló buwọ́ lù ú, kí lẹ fi dúró. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ sì ni ilé bàbá máa ń gbà lọ. Ojú ìwé kejì, owó yín tó wà níta: àwọn ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbà á láwìn, ilé ẹ̀kọ́, àwọn onítíì. Àwìn tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà, ẹ kọ ọ́ sí apá kan, kí ẹ má kà á mọ́ owó. Tó bá wọlé, ẹ̀bùn ni. Ojú ìwé kẹta, ẹrù tó kù nílẹ̀.

Ojú ìwé kẹrin ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ kọ “Àpò kan” sókè rẹ̀. Àpò fúláwà jẹ́ kílò 50. Ká ní ẹ fi omi lítà 26 pò ó, pẹ̀lú ṣúgà kílò 5, bọ́tà kílò 2, iyọ̀ gíráàmù 750 àti yíìsì gíráàmù 250. Ohun tó máa wà nínú míkísà á jẹ́ kílò 84. Èyí tó máa lẹ̀ mọ́ míkísà, rólà àti tábìlì á tó kílò kan. Bí ẹ bá ń gé e ní gíráàmù 550, búrẹ́dì 150 ló máa jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì wọn bíi gíráàmù 490 sí 500 tí iná bá ti fa omi rẹ̀ tán. Ilé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pò ó, nítorí náà ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa. Lẹ́yìn náà ẹ kọ owó ohun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, làílọ́ọ̀nù, igi ìdáná tàbí gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì, owó àwọn tó pò ó, owó àwọn tó gé e, epo ọkọ̀. Ẹ pín in sí 150. Ohun tí búrẹ́dì kan ná yín nìyẹn.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún oṣù kan nínú 2021, oṣù kan nínú 2022, bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún tí ẹ tì í. Ẹ ó rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní Nàìjíríà ti ń wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní 2022, owó àlìkámà àti ti dísẹ́ẹ̀lì jọ gòkè ni. Ní June 2023 ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lọ́jà dọ́là, ẹni tó ń fi náírà ra ohun tó ti òkè òkun wá sì rí i lára àpò. Ẹ fi ìlà pupa sí oṣù tí owó tí búrẹ́dì kan ná yín ti kọjá iye tí ẹ ń tà á. Bí oṣù yẹn bá fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wo iye gbèsè tí ẹ jẹ láàárín wọn. Owó onífúláwà ni ẹ fi ń bọ́ gbogbo ìlú.

Búrẹ́dì tó ń padà ńkọ́? Ó pa ju èyí tí àwọn èèyàn rò lọ. Ká ní èrè yín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó búrẹ́dì. Tí gbogbo 150 bá tà, èrè orí àpò kan jẹ́ owó búrẹ́dì 15. Tí mẹ́wàá péré bá padà wálé tí ẹ sì dà á fún ẹlẹ́dẹ̀, èrè orí 140 tó tà jẹ́ owó búrẹ́dì 14, àdánù orí mẹ́wàá tó bàjẹ́ sì jẹ́ owó búrẹ́dì 9. Ó ku owó búrẹ́dì 5. Tí 20 bá padà, ẹ ti jẹ gbèsè owó búrẹ́dì 5 kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ á dé, á ní “ọjà dáa lónìí, ogún péré ló kù,” wọ́n á sì yìn ín.

Ibẹ̀ ni àbúrò yín máa bá ara rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti ẹ̀sùn owó kíkó jẹ, ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n. Ẹ mú iye àpò tí ẹ rà lóṣù kan, ẹ sọ ọ́ di iye búrẹ́dì, ẹ yọ èyí tó padà àti àwìn tí kò wọlé kúrò, ẹ fi owó tí ẹ ń tà á sọ ọ́ di owó. Ẹ wá yọ gbogbo ìnáwó tó ní ìwé tí ẹ fi owó ọwọ́ san àti owó tó wọ báǹkì kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó tí kò ní àlàyé. Kí ẹ tó ké olè, ẹ bi ara yín pé èló ni ẹ̀gbọ́n yín ń gbà lóṣù. Ó dá wa lójú pé ẹ ò ní rí i nínú ìwé kankan. Nínú ilé búrẹ́dì ìdílé, ọ̀gá kì í gba owó oṣù, ó máa “mú díẹ̀” nínú dúrọ́ọ̀ ni: owó oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, owó aṣọ ẹbí, oògùn màmá. Bí owó tí kò ní àlàyé náà kò bá ju ohun tí ẹ bá fi gba ọ̀gá mìíràn sí iṣẹ́ lọ, owó oṣù ni ẹ rí yẹn, olè kọ́. Bó bá jù ú lọ fíìfíì, ẹ ní ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í, ẹ sì ní iye lọ́wọ́ láti fi bi í.

Nípa sísan gbèsè, a ó ní kí ẹ kọ́kọ́ san ti àwọn òṣìṣẹ́. Owó wọn ló kéré jù, àwọn ló sì sún mọ́ ebi jù, ìlú kan náà lẹ jọ ń gbé. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ lọ bá báǹkì, kí báǹkì tó wá bá yín. Láti August 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní GSI: nípasẹ̀ BVN, báǹkì tí ẹnì kan jẹ lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì onítọ̀hún ní báǹkì mìíràn. Nítorí náà, kíkó owó lọ sí báǹkì míì kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n nà án gùn, kí sísan oṣù 12 di 24 tàbí 36, kí wọ́n sì dá èlé tó ń gorí èlé dúró. Ẹ mú ojú ìwé kẹrin dání, kí wọ́n rí i pé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún wo irú ìwé tí bàbá gbà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, òwò àti ẹni tó ni ín jẹ́ ọ̀kan lójú òfin. Gbèsè tí bàbá fúnra wọn jẹ, inú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a ti ń san án kí á tó pín ogún. Èyí tí ẹ jẹ lẹ́yìn ikú wọn ní 2016, ẹni tó buwọ́ lù ú ló ń lé. Tí “Limited” bá wà lẹ́yìn orúkọ, ilé iṣẹ́ dá dúró láyè ara rẹ̀, gbèsè rẹ̀ kò sì kan àpò ọmọ kankan àfi ọmọ tó ṣe onídùúró. Ẹ wo ìwé báǹkì dáadáa. Ọ̀pọ̀ àbúrò ló ti buwọ́ lu ìwé onídùúró nítorí ẹ̀gbọ́n ní “kàn bá mi fọwọ́ sí i,” tí wọn kò sì kà á.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ẹnu Èkìtì kò fi gbogbo ara tẹ̀lé “ẹ” àti “wọn” bí ẹnu Ọ̀yọ́, ọmọdé lè pe àgbà ní “o” kó má jẹ́ àrífín. Ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ohùn ló ń rí àgbà fín, kì í ṣe “o.” Ẹ má fi “kí ló dé tí o ò sọ fún wa?” bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ni ìyẹn. “Bùọ̀dá mi, ẹ bá wa mú ìwé wá, ká jọ wò ó, ká jọ gbé e” tó. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án jókòó sí àga bàbá, lójú rẹ̀, òun ló pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè bá yín jẹun: àwo yín ló ń wò, owó yín tó sọnù ló ń rí níbẹ̀. Tí ìwé bá fi hàn pé ọjà ló bì í ṣubú, ẹ̀yin ọmọ ìkejì ni kí ẹ sọ ọ́ síta, kí àbúrò gbọ́, kí ẹ sì tún un sọ lójú màmá. Òun kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n má pè é ní àwáwí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wá, ìyá méjì. Ààrò bíríkì, míkísà, rólà, jẹnẹrétọ̀ àti páànù bíi 400 ló kù sí ilé búrẹ́dì bàbá wa. Àwọn kan nínú wa fẹ́ tà á fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, èmi ní kí á fi sílẹ̀ dìgbà tí nǹkan á dáa. Ta ló jàre? — Ìfàkì-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹni tó jàre pátápátá. Ẹni tó bá tà á ní kílò, owó irin ló gbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń yí lójú oníbàárà ju irin lọ. Ẹni tó bá sì ní “ẹ fi sílẹ̀” láìṣe nǹkan kan, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kan náà ló ń dúró dè. Ẹ fún ara yín ní gbèdéke, ká ní oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì tọ́jú ẹrù láàárín rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ha míkísà ní gbígbẹ. Ẹ má da omi sí i. Omi àti fúláwà á di àtè, á wọ inú bíárìn, ẹ ó sì gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún tan án. Fúláwà àti ṣúgà tó bá kù lára ẹ̀rọ ló ń pe eku àti aáyán, òun náà ló ń fa ọ̀rinrin tó ń di ìpẹtà. Ẹ tú bẹ́líìtì sílẹ̀ kó má fà, torí bẹ́líìtì tó bá fi oṣù mẹ́fà fà lójú kan á gan síbẹ̀. Ẹ fi ààyè sáàárín àwọn rólà méjèèjì kí wọ́n má fara kanra, kí ẹ sì fi òróró pàrafíìnì funfun tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà pa wọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Kì í ṣe òróró ìdáná o: ìyẹn á le bí oje igi, á sì máa rùn. Páànù náà, ẹ nu wọ́n gbẹ, ẹ dojú wọn dé lórí pákó, kí wọ́n má kan ilẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni èyí tó yára bàjẹ́ jù. Ẹ yí ọ́ìlì rẹ̀, ẹ kún táǹkì rẹ̀ dé ẹnu, nítorí táǹkì tó ṣófo ni omi ìrì ń rọ sí nínú, omi yẹn á sì lọ ba nọ́sù jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì ẹ tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ́ sì gbé nǹkan lé e: iná gílóòbù, fíríìjì, ẹ̀rọ omi. Títan án lófo kò ṣe é lóore, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná tán á di èédú dúdú sínú sàlẹ́ńsà. Tí ẹ bá pa á tán, ẹ yọ orí bátìrì odì kúrò.

Ààrò ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òjò rí i. Lọ́jọ́ tí ẹ tàbí ẹni tó bá rà á bá fẹ́ tún un dá, iná díẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́jọ́ kìíní, kó pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, kó tó dé ojú iná búrẹ́dì lọ́jọ́ kẹta. Bíríkì tó ti mu omi, tí wọ́n bá fi iná ńlá kọlù ú lójijì, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì là á.

Tó bá wá di títà, ẹ̀rọ bàbá tó kú láìṣe ìwé ogún, ẹrù ẹbí ni. Kí dáwódù àti aṣojú ìyá kọ̀ọ̀kan jọ buwọ́ lu rìsíìtì. Ẹ wádìí bóyá bàbá fi ẹ̀rọ náà yáwó, nítorí láti ìgbà tí òfin 2017 lórí fífi ẹrù tó ṣeé gbé yáwó ti jáde, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ tí oníbàárà lè yẹ̀ wò. Tó bá bá ẹ̀rọ yín níbẹ̀, owó á bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀tẹ́ á sì kù. Ní ti pípín owó, ìdí-igi ni àṣà Yorùbá kọ́kọ́ mọ̀, ìyá méjì, ọ̀nà méjì. Orí-ò-jorí náà wà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà, pàápàá bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lò ó. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé tí wọ́n parí ní London ní 1962 ni wọ́n fi mọ̀ pé méjèèjì bá òfin mu. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Owó tó bá ti wà nílẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu èèyàn.

ÌBÉÈRÈ: Onífúláwà tí a jẹ mú ọlọ́pàá wá sí ilé wa ní Adó. Wọ́n fẹ́ mú àbúrò mi dípò mi. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àti pé, onífúláwà náà ní kí n kọ ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ fún òun. — Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn òwò tó bàjẹ́. Kí wọ́n mú ẹlòmíràn dípò ẹni tó jẹ gbèsè, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ dá wọn lóhùn jẹ́ẹ́, ẹ béèrè orúkọ àti tẹ́sàn wọn, kí ẹ pe agbẹjọ́rò.

Ṣẹ́ẹ̀kì ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́ tí owó kò bá sí nínú àkáǹtì. Ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n bá gbé lọ sí báǹkì láàárín oṣù mẹ́ta tí báǹkì dá a padà pé owó kò sí, ó ní òfin tirẹ̀, ọ̀ràn sì ni. Gbèsè tí kò lè gbé yín dé àtìmọ́lé láàárọ̀ á gbé yín débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìwé àdéhùn ni kí ẹ fún un: iye tí ẹ jẹ, iye tí ẹ ó máa san lóṣù, ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Kí iye oṣooṣù náà kéré débi pé kò ní yẹ̀. Onífúláwà tó bá rí owó kékeré lóṣù mẹ́rin léraléra á yé mú ọlọ́pàá wá. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí owó ńlá fún tí kò rí i, òun ni yóò padà wá.

ÌBÉÈRÈ: Láti ìgbà tí a ti ti ilé búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn. Aago méjì òru ló ń jí, á jókòó sí iwájú ilé. Ọtí ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní ìdílé wa máa sàn tí òun kò bá sí. Ṣé kí a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà ni? — Ìkọ̀lé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan dúró de ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ bi í ní tààrà, ẹ̀yin àti òun nìkan, bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, bóyá ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe é. Bíbéèrè kì í fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń bá a gbé díẹ̀ lára rẹ̀ ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku àti oògùn pa-koríko kúrò nínú ilé, títí kan èyí tó kù sí ilé búrẹ́dì. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọpọlọ: ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Láti Ìkọ̀lé, ọ̀nà méjèèjì ṣe é lọ láàárọ̀ kí ẹ sì padà.

Ní ti aago méjì òru, ìyẹn kì í ṣe àìsàn lásán. Aago méjì ni oníbúrẹ́dì máa ń dìde láti lọ wo bí búrẹ́dì ṣe wú nínú páànù kó tó wọ ààrò. Ara tó ti fi ogún ọdún jí lákòókò yẹn á ṣì máa jí, bí ààrò bá tiẹ̀ tutù. Ìyàtọ̀ kan ni pé kò sí ohun tó máa ṣe mọ́, gbogbo ìrònú sì ń rí àyè. Kí ó máa sùn ní aago mẹ́sàn-án dípò meje, kí ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì má ṣe sùn lọ́sàn-án ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọtí máa ń mú oorun wá ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń jí ènìyàn ní òru, nítorí náà òun ló ń fi kún àìsùn tó rò pé òun ń fi ọtí wò. Ní àárọ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ó ní aago: kó mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, kó bá yín ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́. Ẹ má sọ pé kí ó “gbàgbé rẹ̀.” Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé òórùn búrẹ́dì gbígbóná ní ìdajì.

ÌBÉÈRÈ: Àbíkẹ́yìn ni mí. Mo fẹ́ tún búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá ń lò. Làílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì kù tó báálì mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́. — Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí á ya orúkọ, iṣẹ́ àti làílọ́ọ̀nù sọ́tọ̀. Orúkọ jẹ́ ti ẹbí, kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí gbèsè tó wà lórí rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí búrẹ́dì yẹn bá tún dé ọjà, gbogbo ẹni tí ẹ jẹ ni yóò wá sídìí ọkọ̀. Tí ó bá jẹ́ orúkọ òwò ni, ẹ wo bóyá wọ́n ti ń san ìwé ọdọọdún rẹ̀ ní CAC, nítorí 30 June ọdún kọ̀ọ̀kan ni gbèdéke rẹ̀. Orúkọ tuntun kò wọ́n, ó sì rọrùn jù.

Bíbẹ̀rẹ̀ kékeré dára. Ẹ má kọ́ ààrò. Ẹ wá ilé búrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ ń sinmi lọ́sàn-án, kí ẹ yá a ní wákàtí, kí ẹ máa ṣe àpò kan tàbí méjì, owó lọ́wọ́ nìkan, láìsí àwìn. Ẹ gé e kó wọn bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ fi òṣùwọ̀n sórí tábìlì, kì í ṣe ojú. Tí ohun èlò bá wọ́n, ẹ fi kún owó búrẹ́dì, ẹ má dín ìwọ̀n rẹ̀ kù lábẹ́lẹ̀, torí ọwọ́ oníbàárà tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ sì jìnnà sí potassium bromate, NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ ní òun nìkan ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú.

Báálì làílọ́ọ̀nù mẹ́ta yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nọ́ḿbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀, búrẹ́dì yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é yẹn, ni wọ́n fún un, ó sì ní ọdún tó máa parí. Tí ẹ bá fi di búrẹ́dì tí ẹ ṣe nínú ààrò ẹlòmíràn, ayédèrú ni ẹ ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ bàbá yín ló wà lára rẹ̀. Làílọ́ọ̀nù funfun tí kò ní ọ̀rọ̀ lára kò tún ní bo yín fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ ìwé NAFDAC tiyín láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ má jó àwọn ti àtijọ́ náà. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín àgbà bóyá ó fẹ́ kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́.